Ọjọ́ Tí A Kó Àwọn Ajá Jọ

Bajulaiye, Ṣómólú
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, ọdún 2025

Tẹniọlá, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé òtútù Kánádà ń jẹ́ kí o sùn? Èmi wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún máa ń dùn mí díẹ̀ tí mo bá gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n mo ń jẹun, mo sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, èmi àti Jagun la jọ ń gbé ilé. Ajá náà ló ń jẹ́ kí n mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, nítorí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo fi ọgbọ̀n ọdún dúró tì ti ba etí mi jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o yé pè mí lórí fóònù. Ìwé ni kí o máa kọ. Leah, ayálégbé tó wà lókè, á máa ya fọ́tò tèmi ránṣẹ́ sí ọ, á sì máa tẹ tìrẹ jáde fún mi, bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n o kò kọ̀wé láti oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, alàgbà kan bi mí pé ọsìtù wo lo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní dókítà ni ọ́, mo sì yára dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀. Kò dùn mọ́ mi kí n máa sá fún ọ̀rọ̀ ọmọ tí mo bí. Ọdún mẹ́fà lo fi kọ́ ìtọ́jú ẹran ní ìpínlẹ̀ Ògùn, o tún wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ kọ́ òmíràn kún un. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì máa ń tètè ríṣẹ́ níbẹ̀. Jọ̀wọ́, rò ó.

Àdúgbò wà bó ṣe wà. Wọ́n tún ti gbẹ́ gọ́tà iwájú ilé wa sílẹ̀ láì dí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ajá kan tí a kò mọ olówó rẹ̀ sáré wá láti ọ̀nà Ìlàjẹ, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ó sì bu Fareedah jẹ ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Fareedah ni ọmọ Ràmọ́nù tó ń di ìwé pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ wá, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Jagun fò mọ́ ajá náà, wọ́n jà, ó gé Jagun létí. Àwọn èèyàn pa ajá ọ̀hún, wọ́n sọ ọ́ sínú ọ̀sà. Wọ́n da epo gbígbóná sójú egbò ọmọ náà, ó sì ti ń jinná. Mo fi ẹran kún oúnjẹ Jagun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nítorí ìwà akin tó hù.

Kọ̀wé o. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí yìnyín yẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámilóyè


Kánádà
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú pé n kò ní béèrè àlàáfíà yín pẹ́ lónìí. Abúlé kan tí kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo wà láti ọjọ́ Ẹtì, òní ni mo padà dé tí mo rí ìwé yín. Mo ti pe fóònù yín nígbà mọ́kànlá. Mo pe Leah, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Mo ti fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí i pé bó bá ti rí i, kó gbé e fún yín kó tó ṣe ohunkóhun.

Ó ṣeé ṣe kí ajá tó bu Fareedah jẹ ní dìgbòlugi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ lọ bá Ràmọ́nù nísinsìnyí. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bó tiẹ̀ ti ń jinná. Kí wọ́n wá gbé ọmọ náà lọ sí ọsìtù, lónìí, kì í ṣe lọ́la. Kí wọ́n sọ fún dókítà pé ajá tí a kò mọ̀ ló bù ú jẹ, kí ó fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà dìgbòlugi. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọmọ ń ṣeré, pé kò sóhun tó ṣe é, ẹ má gbà. Àìsàn náà lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn fún oṣù. Bó bá fi lè yọjú, kò sí dókítà kankan, lọ́dọ̀ yín tàbí níbí, tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká a. Ṣùgbọ́n àyè ṣì wà báyìí.

Ẹ so Jagun sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Igi ni kí ẹ fi máa ti àwo oúnjẹ sí i. Mo mọ ohun tí Jagun jẹ́ fún yín, Bàbá, n kò sì kọ èyí pẹ̀lú inú dídùn.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Ọmọ yín,
Tẹniọlá


Bajulaiye
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 2025

Tẹniọlá,

Ìwé rẹ dé mi lọ́wọ́. Bí ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́ lo ṣe kọ ọ́. Mo kọ́kọ́ bínú, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì bí o ṣe ní kí n ṣe, ìbínú náà sì lọ.

Leah ti lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló dé, kò tíì sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀ tó fi gbé ìwé fún mi. Mo sọdá lọ bá Ràmọ́nù. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ọmọ rẹ̀ tó ń fo okùn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n wò ó bó ṣe ń fò. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo ka ìwé rẹ sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní òun ní ìwé iléewé kan tí òun gbọ́dọ̀ dì parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo wá sọ fún un pé, “Ràmọ́nù, bí o kò bá lè lọ, gbé ọmọ náà fún mi. Èmi á mú un lọ, n kò sì ní padà wá láìgba abẹ́rẹ́ náà.” Ó wò mí. Ó ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọsìtù àkọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ ti tán. Èkejì ní ká padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọkọ̀ kẹta la wọ̀ ká tó dé ibi tí wọ́n ti rí i. Mo gbé ìwé rẹ fún dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀. Ó kà á, ó béèrè ẹni tó kọ ọ́, mo ní ọmọ mi ni. Wọ́n tún egbò náà fọ̀, wọ́n gún un sójú egbò, wọ́n tún gún un lápá. Fareedah sunkún, ó di ìka mi mú títí wọ́n fi parí. Wọ́n kọ ọjọ́ mẹ́rin mìíràn sí káàdì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì wọn.

Jagun wà lórí ṣéènì láti ọjọ́ yẹn. Ó máa ń wò mí bíi pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Ohun mìíràn ti wá ṣẹlẹ̀ o. Ìbẹ̀rù ti mú gbogbo àdúgbò. Àlàájì Àlímì, alága ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, ní lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni a óò fẹnu kò lórí rẹ̀: wọ́n fẹ́ fi májèlé sínú ẹran, kí wọ́n dà á síta fún gbogbo ajá láti Bajulaiye títí dé Ìlàjẹ. N kò ta kò wọ́n, àfi lórí Jagun. Kọ ìwé kan fún mi, kí iléewé rẹ lu òǹtẹ̀ sí i, pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ajá mi. Kí o sì fi abẹ́rẹ́ ajá kan ránṣẹ́. Mo gbọ́ pé ìwọ lè rí i gbà níbẹ̀. Má ṣe já mi kulẹ̀.

Bàbá rẹ,
Bámilóyè


Kánádà
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà. Mo sunkún nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Fareedah. Ẹ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà kì í rí ẹni bá wọn ṣe.

N kò lè kọ ìwé olóǹtẹ̀ yẹn, n kò sì lè fi abẹ́rẹ́ ránṣẹ́. Inú òtútù ni abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé ara ajá. Bó bá gbóná lọ́nà, omi lásán ni ẹ óò gún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín.

Iléewé tí mo wà yìí ní ọsìtù fún ẹran. Àgbẹ̀ tí màlúù rẹ̀ kò lè bí máa ń wá, arúgbó tó ń dá gbé máa ń gbé ológbò rẹ̀ wá. Ara àwọn ẹran yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́, àwọn ẹran náà sì ń rí ìtọ́jú. Àwọn tí kò lè wá, àwa là ń lọ bá wọn. Abúlé tí mo wà lọ́jọ́ sí, wákàtí méjì ni a fi fò débẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Tẹ́lẹ̀, ìbọn ni wọ́n fi ń dín ajá kù níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ajá tuntun á tún ti ibòmíràn dé, àìsàn á bá wọn dé. Nígbà tí iléewé yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn lábẹ́rẹ́, ó dúró. Bí ajá mẹ́wàá bá wà ládùúgbò, tí méje nínú wọn gba abẹ́rẹ́, dìgbòlugi kì í rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ìyá àgbà kan ló máa ń lọ láti ilé dé ilé kí a tó dé, tó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n kó ajá wá. Olùkọ́ mi ní láìsí ìyá yẹn, kúlà yìnyín tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ la óò kàn máa gbé kiri lásán.

Mo ti bá Dókítà Òkìkíọlá sọ̀rọ̀, olùkọ́ mi àtijọ́ ní iléewé tí mo ti jáde ní Ògùn. Àwọn náà máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí àdúgbò. Wọ́n ṣe tán láti wá sí Ṣómólú àti Bariga. Ohun méjì ni wọ́n béèrè: kí ẹnikẹ́ni má ṣe da májèlé, kí ẹnì kan sì wà tí àdúgbò mọ̀, tí yóò kó àwọn ajá jọ. Mo dárúkọ yín, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú yẹn.

Ó wá ku Jagun. N kò ní parọ́ fún yín. Ajá yẹn gé e jẹ, kò sì gba abẹ́rẹ́ rí, ẹ̀bi mi nìyẹn, nítorí mo ti di dókítà ẹran kí n tó kúrò nílé. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ láìsí nǹkan kan. Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ omi, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tó ń jẹ ṣéènì tàbí ilẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ ní kí Leah pe Dókítà Òkìkíọlá. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Ọmọ yín,
Tẹniọlá


Kánádà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì ó lé. Leah ní ara yín le, pé ẹ ní ẹ óò kọ̀wé tí inú yín bá ti rọ̀. Dókítà Òkìkíọlá náà ní ẹ ní kí òun má sọ nǹkan kan fún mi, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́.

Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ kọjá àyè mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ kọ ìlà méjì péré. Ẹ sọ fún mi bí Fareedah ṣe wà.

Tẹniọlá


Bajulaiye
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Fareedah wà dáadáa. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ló gba abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. Mo fi èyí ṣáájú kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Òótọ́ ni pé mo bínú sí ọ. Ohun tí o kọ nípa Jagun, mo rò pé o ti lọ jìnnà débi tí ọ̀rọ̀ ilé kò fi dùn ọ́ mọ́. Síbẹ̀ mo lọ sí ìpàdé náà. Gbogbo wọn ti fara mọ́ májèlé kí n tó dé. Mo dìde, mo ní, “Ọmọ mi obìnrin, dókítà ẹran ni. Ohun tó ń kọ́ nìyẹn ní Kánádà.” N kò sọ ọ́ síta rí. Mo ka ìwé rẹ fún wọn, ibi tí o ti ní bí a bá pa èyí, òmíràn á wọlé. Ẹnì kan ní ajá mi ni mo ń gbèjà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ń gbèjà ajá mi, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún mi bóyá irọ́ ni ohun tí mo kà. Àlàájì Àlímì fún mi láyè di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta. Ó ní bí kò bá sí dókítà lọ́jọ́ yẹn, òun á ra májèlé.

Lọ́jọ́ kẹta oṣù yìí, mo ti omi sí Jagun láàárọ̀, ó sá fún un. Ó gbó, ohùn náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ó ti ń jẹ ṣéènì tí ẹnu rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sì tún ìwé rẹ mú, mo kà á. Gbogbo rẹ̀ lo ti sọ. Leah pe Dókítà Òkìkíọlá, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì dé lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ títí dé ìgúnpá. Wọ́n ní kí n wọlé. Mo kọ̀. Dókítà náà ní kí n dúró sẹ́yìn fèrèsé, ó ní, “Ẹ máa pe orúkọ rẹ̀, Bàbá. Ohùn yín ló mọ̀.” Mo ń pè é. Ó wo ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí orí igi gígùn, wọ́n gún un, ó sùn, kò jí mọ́.

Wọ́n ní láti gbé orí rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Mo gbà. Lọ́jọ́ Ẹtì èsì jáde: dìgbòlugi ni. Èmi náà ti ń gba abẹ́rẹ́ nítorí ó lá mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ń tún ṣéènì rẹ̀ so. Má bá mi wí, mo ti bá ara mi wí.

Mo mú èsì náà lọ bá Àlàájì Àlímì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó béèrè bí ọmọ Ràmọ́nù ṣe wà, ó sì ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe. N kò tíì sunkún Jagun tán nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, ikú rẹ̀ á ṣòfò. Mo lọ sí ilé ìtẹ̀wé tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọ̀gá mi àtijọ́ fún mi ní ẹ̀rọ fún wákàtí kan. Mo to ọ̀rọ̀ náà fúnra mi: MÚ AJÁ RẸ WÁ. A KÒ NÍ PA Á. ABẸ́RẸ́ NI. Èmi àti Ràmọ́nù pín in láti ilé dé ilé. Mo tẹ̀ lé gọ́tà dé Ìlàjẹ, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń pariwo. Níbẹ̀ ni mo ti bá Tabitha pàdé, obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, tó ní ajá mẹ́rin. Ó ní irọ́ ni mo ń pa, pé a fẹ́ kó wọn lọ pa ni. Mo fún un ní èsì Jagun kó kà á. Kò mọ̀wé kà, ó ní kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ó wo àwọn ajá rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀.

Àná ni ọjọ́ náà. Pápá iléewé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a lò. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ló bá Dókítà Òkìkíọlá wá, pẹ̀lú kúlà mẹ́ta tó kún fún yìnyín. Fún wákàtí kan, ajá mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Àlàájì Àlímì ń wo aago, ẹnu rẹ̀ gbẹ nítorí ààwẹ̀. Mo wá rí Tabitha lókèèrè, ó fi okùn àwọ̀n ẹja so ajá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo àwọn ará Ìlàjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Tẹniọlá, ìlà náà jáde kúrò nínú pápá. Ajá igba ó lé mẹ́tàdínlógún ni wọ́n gún. Àwọn tó ní ewúrẹ́ gbọ́, àwọn náà kó ewúrẹ́ wá. Ewúrẹ́ kan wà tí ọmú rẹ̀ ti wú, tí ọmọ kò lè mu ún. Dókítà náà pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí i ká, ó ń kọ́ wọn bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀, olówó ewúrẹ́ náà sì ń kọ́ ọ pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí mo délé, mo gbá ẹ̀yìnkùlé. Ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bàbá rẹ,
Bámilóyè


Kánádà
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, orí mi wà nílẹ̀. Ẹ kú ọ̀fọ̀ Jagun. Mo ka ìwé yín fún olùkọ́ mi, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi fèrèsé, mi ò lè ka ohun tó kù.

Bàbá, mo fẹ́ máa bọ̀ nílé. Ẹ̀kọ́ yìí ku ọdún kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo ń ṣe níbí nígbà tí ẹ̀yin, tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń fi ẹsẹ̀ dídùn rìn dé Ìlàjẹ ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí n ṣe? Mo ti kọ ìwé tí màá fi kúrò. N kò tíì fi í sílẹ̀. Mo ń retí ọ̀rọ̀ yín.

Tẹniọlá


Bajulaiye
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ya ìwé náà. Má ṣe mú un lọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé àárò ń sọ ọ́. Ó ń sọ èmi náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń ka ìwé rẹ fún Ràmọ́nù àti fún ìpàdé, kì í ṣe nítorí pé o wà nítòsí ni wọ́n fi gbọ́. Wọ́n gbọ́ nítorí pé o mọ̀ ọ́n. Lọ mọ èyí tó kù. Ọdún kan ààbọ̀ kò pọ̀. Tí o bá parí, tí o sì fẹ́ máa bọ̀, ẹnì kankan kò ní dí ọ lọ́nà.

Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ti fún àwọn Dókítà Òkìkíọlá ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì wọn. Wọ́n á máa wá lọ́jọ́ Sátidé kejì oṣù kọ̀ọ̀kan, òní sì ni àkọ́kọ́. Adìyẹ la rí jù, àti àgbò kan tó gbé ike mì. Ìbéèrè pọ̀ tí àwa tó wà níbí kò lè dáhùn. Àwọn tó ń sin ẹja ní Bariga fẹ́ mọ ìdí tí ẹja wọn fi ń kú bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀. Dókítà Òkìkíọlá ní kí n bi ọ́ bóyá ẹnì kan wà níléewé rẹ tó mọ̀ nípa ẹja. Bá wa béèrè, kí o sì kọ ọ́ ní kíkún, nítorí èmi ni wọ́n ní kí n kà á fún wọn.

Ara mi le. Abẹ́rẹ́ mi ti pé. Ràmọ́nù fẹ́ fún mi ní ajá mìíràn, mo ní kó fún mi láyè díẹ̀ sí i.

A ti ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án yìí nígbà tí Tabitha dé. Láti Ìlàjẹ ló ti fẹsẹ̀ rìn wá. Ó ru abọ́ ńlá tó fi ń kó ẹja, aṣọ wà lórí rẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ṣí aṣọ náà, ọmọ ajá mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ojú wọn kò tíì là. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ṣì kéré jù, kó gbé wọn padà sọ́dọ̀ ìyá wọn, kó kó wọn wá bí wọ́n bá pé oṣù mẹ́ta. Tabitha kò kúrò níbẹ̀. Ó ní èèyàn mẹ́rin ti wá béèrè fún wọn, òun sì ti sọ fún wọn pé ọmọ ajá kan kò ní jáde nílé òun láìgba abẹ́rẹ́, kí wọ́n má sì tún bi òun mọ́. Ó ní ohun tí òun wá gbà ni ọjọ́, kí òun lè rí nǹkan sọ fún wọn.

Mo ka oṣù náà fún un lórí ìka. Kò tó o. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo fún un, ó sì ká bébà náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó gbé abọ́ rẹ̀ rù, ó sì gba ọ̀nà ọ̀sà lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámilóyè